Póìǹtì 12 kan náà, ìtóbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni ó ń ṣe lẹ́tà àti àwòrán yín?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Photoshop, ètò àtúnṣe àwòrán, ni mo fi ń ṣe ìwé ìkéde kan tí a fẹ́ tẹ̀ sórí bébà A4. Wọ́n fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní póìǹtì 12, ó hàn gbangba lójú kọ̀ǹpútà, mo sì fi pamọ́ bí JPEG. Nígbà tí mo gbé e lọ sórí A4, tí mo kọ ọ̀rọ̀ yòókù ní póìǹtì 12 kan náà, àwọn lẹ́tà méjèèjì kò bára dọ́gba rárá. Ti abẹ́ àwòrán kéré débi pé n kò lè kà á. Image Size sọ fún mi pé fífẹ̀ àwòrán yẹn lé ní íǹṣì 16, bẹ́ẹ̀ A4 kò tó íǹṣì 9 ní fífẹ̀, síbẹ̀ àwòrán náà kò gba ìdajì bébà. Ẹnì kan wá ní kí n yí resolution rẹ̀ kúrò ní 72 sí 300. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, fáìlì wúwo, kọ̀ǹpútà mi ń fà, àwòrán náà kò sì mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé Photoshop mi ló ti bàjẹ́ ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò?"

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe Photoshop yín. Lẹ́tà tí kò dọ́gba, àwòrán tó dà bíi pé ó sún kì nígbà tó dé orí A4, àti fáìlì tó wúwo láìmú èrè kankan wá, ìṣòro mẹ́ta ni ẹ kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú àwòrán orí kọ̀ǹpútà ní tòótọ́, òun náà ni píksẹ́lì, ìyẹn àwọn tóótòòtó aláwọ̀ tí a tò ní ìbú àti ní òró. Íǹṣì, sẹ̀ǹtímítà, póìǹtì àti resolution (iye píksẹ́lì nínú íǹṣì kan) kò sí nínú àwòrán. Ìṣirò tí ètò àtúnṣe àwòrán ń ṣe lórí iye píksẹ́lì ni wọ́n. Ẹni tó bá ń fi íǹṣì àti póìǹtì ṣe òṣùwọ̀n láìkọ́kọ́ wo iye píksẹ́lì yóò máa rí ohun tó jọ iṣẹ́ idán, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín yìí.

Ẹ kò sọ iye píksẹ́lì àwòrán yín fún mi, ṣùgbọ́n mo lè ṣírò rẹ̀ láti inú ohun tí ẹ sọ. Bí resolution bá jẹ́ 72, tí fífẹ̀ sì lé díẹ̀ ní íǹṣì 16, àwòrán náà kò ní jìnnà sí píksẹ́lì 1200 ní fífẹ̀ àti 900 ní gíga, nítorí pé bí a bá fi 72 pín 1200, íǹṣì 16.67 ni yóò jáde. Nọ́ńbà yìí ni n óò máa lò. Ẹ fi ti yín gan-an rọ́pò rẹ̀ bó bá yàtọ̀. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí 72 yẹn ti wá. Kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun kí ó tó kọ ọ́ síbẹ̀. Fáìlì àwòrán ní àyè tí a ń kọ resolution sí, àwọn kámẹ́rà àti fóònù sì sábà máa ń kọ 72 síbẹ̀ kí àyè náà má bàa ṣófo. Íǹṣì 16 tí ẹ rí kì í ṣe ìtóbi àwòrán yín nígbà náà, èsì ìṣirò kan tí a gbé ka orí nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ ni. Bébà A4 tí ẹ ṣí ní Photoshop ní resolution 300, èyí tó túmọ̀ sí píksẹ́lì 2480 ní fífẹ̀ àti 3508 ní gíga. Nígbà tí ẹ ṣe àdàkọ àwòrán náà tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bébà yìí, ètò náà ju 72 nù, ó sì to píksẹ́lì 1200 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2480. Ìdí nìyẹn tí kò fi gba ìdajì. Àwòrán náà kò sún kì rárá, píksẹ́lì rẹ̀ pé pérépéré. Orí bébà tí íǹṣì kọ̀ọ̀kan ti ń gba píksẹ́lì 300 ni ó bára rẹ̀, níbi tí 1200 kò ti lè ju íǹṣì mẹ́rin lọ.

Ẹ ro ti ìlẹ̀kẹ̀ 1200 tí a sín sórí okùn kan. A lè tẹ́ wọn jìnnà síra kí okùn náà gùn, a sì lè sún wọn mọ́ra kí ó kúrú, ṣùgbọ́n iye ìlẹ̀kẹ̀ náà kò lé, kò sì dín. Iye ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò wà nínú íǹṣì kan nígbà tí a bá tẹ àwòrán sórí bébà ni resolution ń sọ, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fèrèsé Image Size, tí ẹ lè fi Ctrl, Alt àti I ṣí papọ̀, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Resample sí, òun gan-an ni ó sì ṣe yín ní ohun tó ṣe yín. Bí ẹ bá mú àmì kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó yí 72 sí 300, fífẹ̀ yóò já wálẹ̀ láti íǹṣì 16.67 sí íǹṣì 4, píksẹ́lì yóò dúró ní 1200, fáìlì kò sì ní wúwo sí i. Ṣùgbọ́n bí àmì bá wà nínú rẹ̀, ètò náà yóò gbà pé ẹ fẹ́ kí íǹṣì 16.67 wà bẹ́ẹ̀, kí íǹṣì kọ̀ọ̀kan sì ní píksẹ́lì 300, ó sì di dandan kí ó wá wọn láti ibìkan. Píksẹ́lì 1200 di 5000, 900 di 3750. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀ wò: píksẹ́lì 1,080,000 ni ẹ ní tẹ́lẹ̀, ó di 18,750,000. Nínú píksẹ́lì 17 tó wà níbẹ̀ báyìí, ètò náà ló fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan bíi 16, nípa wíwo àwọ̀ àwọn tó yí wọn ká kí ó tó fojú díwọ̀n èyí tí yóò fi sáàárín. Ẹ ò lè retí kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, nítorí pé kò sí ohun tuntun kankan tí kámẹ́rà rí tó wọlé síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín náà kò jẹ̀bi. Píksẹ́lì kan ń gba báìtì mẹ́ta ó kéré tán, nítorí náà ohun tó gba báìtì bíi mílíọ̀nù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ń gba mílíọ̀nù 56 báyìí, kí a tó ka àwọn layer mìíràn, ìyẹn àwọn ìpele tí a ń tò lé ara wọn nínú fáìlì, mọ́ ọn.

Ẹni tó fún yín nímọ̀ràn kò sì tan yín jẹ. Ó kàn gbọ́ 300, bí gbogbo wa ṣe máa ń gbọ́ ọ, kò sì sọ ti Resample. Nọ́ńbà náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá máa ń sọ àwòrán di ìlà àwọn àmì róbótó wẹ́wẹ́, ìlà 150 nínú íǹṣì kan sì wọ́pọ̀ fún ìwé ìròyìn onídán. Àwọn atẹ̀wé wá fi ṣe òfin pé kí píksẹ́lì tó ìlọ́po méjì ìlà náà, òun ni 300. Òdiwọ̀n tó dára ni, pàápàá fún ohun tí a ó mú lọ́wọ́ kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààlà tí nǹkan yóò bàjẹ́ ní kété tí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí 299. Ohun tí a ó gbé kọ́ ara ògiri tí a ó máa wò láti òkèèrè lè jẹ́ 150, kódà ó lè dín, kí ojú ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni ó máa ń rú ènìyàn lójú jù. Òṣùwọ̀n orí bébà ni póìǹtì, ìdá kan nínú 72 íǹṣì kan ni. Kí Photoshop tó lè ya lẹ́tà, ó gbọ́dọ̀ sọ póìǹtì di píksẹ́lì: yóò fi resolution fáìlì náà sọ iye póìǹtì di púpọ̀, yóò sì fi 72 pín in. Nínú fáìlì tí resolution rẹ̀ jẹ́ 72, póìǹtì 12 jẹ́ píksẹ́lì 12. Nínú èyí tó jẹ́ 300, póìǹtì 12 di píksẹ́lì 50. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ póìǹtì 12, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ yà ní ti àkọ́kọ́ kò ju ìdá mẹ́rin ti ìkejì lọ, àṣírí rẹ̀ sì tú nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé lórí bébà kan. Nígbà tí ẹ ti fi JPEG pamọ́, lẹ́tà abẹ́ àwòrán náà kì í ṣe lẹ́tà mọ́ pàápàá, ó ti di píksẹ́lì bíi ti ojú àti aṣọ àwọn tó wà nínú àwòrán, kò sì sí bí ẹ ṣe lè padà yí ìtóbi rẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ẹ tún wò ó pé a ń kọ Yorùbá: nínú píksẹ́lì 12, kò sí àyè tí àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀ yóò gbà hàn kedere, ńṣe ni wọ́n máa ń dàpọ̀ mọ́ ara lẹ́tà.

Ẹ ó béèrè ìdí tí ó fi hàn gbangba nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Zoom ni, ìyẹn bí ètò náà ṣe ń fi àwòrán hàn ní ńlá tàbí ní kékeré láìyí píksẹ́lì rẹ̀ padà. Àwòrán píksẹ́lì 1200 sábà máa ń wọ inú ojú kọ̀ǹpútà ní 100%, tí píksẹ́lì àwòrán kan yóò jókòó sórí píksẹ́lì ojú kọ̀ǹpútà kan. Bébà tó ga tó píksẹ́lì 3508 kò lè wọ ojú kọ̀ǹpútà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080, nítorí náà Photoshop yóò fi hàn yín ní nǹkan bíi 25%. Lẹ́tà oníwọ̀n 50 tó wà níbẹ̀ yóò hàn bíi 12 tàbí 13, ẹ ó sì rò pé ọgbọọgba ni òun àti ti àwòrán títí ẹ ó fi kó wọn pọ̀. Ẹ máa wo nọ́ńbà zoom tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé kí ẹ tó dá ohunkóhun lẹ́jọ́ pé ó tóbi tàbí ó kéré. Ctrl àti 1 ń gbé yín lọ sí 100%, Ctrl àti 0 sì ń mú kí gbogbo bébà wọ ojú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1984 tí Macintosh àkọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ ní píksẹ́lì 72 nínú íǹṣì kan, póìǹtì àti píksẹ́lì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àṣà láti ìgbà náà ni 72 tó kún inú àwọn ètò wọ̀nyí títí dòní, bẹ́ẹ̀ píksẹ́lì inú íǹṣì kan lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù ìsinsìnyí ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè mú kí lẹ́tà ṣe ségesège nígbà tí resolution kò ní ẹ̀bi. Bí ẹ bá fi Ctrl àti T fa layer ọ̀rọ̀ tóbi, póìǹtì yóò yí padà sí nọ́ńbà ẹlẹ́sẹ̀ bíi 17.43, bí ẹ bá sì fa ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, lẹ́tà yóò gùn tàbí kí ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìtóbi tí ẹ bá sì kọ sí i lẹ́yìn náà kò ní jọ òótọ́. Reset Character nínú pánẹ́ẹ̀lì Character ń fọ gbogbo ìyẹn dànù. Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá nígbà tí ẹ sọ ọ́ di ńlá, ẹ wo igun àpótí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí àmì àròpọ̀ kékeré bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ju àpótí lọ, ẹ fẹ àpótí náà. Fọ́ńtì pẹ̀lú ń tan ènìyàn, nítorí pé póìǹtì ń wọn àyè tí a fún lẹ́tà, kò wọn lẹ́tà fúnra rẹ̀, nítorí náà fọ́ńtì méjì lè jẹ́ 12 kí ọ̀kan sì fojú hàn ju èkejì lọ. Ti àlàfo ìlà wá ṣe pàtàkì fún wa: Auto máa ń fún ìlà ní 120% ìtóbi lẹ́tà, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ èdè, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn orí ìlà ìsàlẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra nínú Yorùbá. Èmi kì í sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 130% bí ọ̀rọ̀ bá gùn.

Nípa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa JPEG tí ẹ ti kọ̀wé sí yẹn tì, ẹ má sì gbìyànjú àtitún èyí tí ẹ fẹ̀ sí 5000 ṣe. Ẹ padà sí àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ gbé òun nìkan lọ sórí A4, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan orúkọ abẹ́ àwòrán, sínú A4 náà níbi tí resolution kan ṣoṣo ti ń ṣàkóso. Bí ẹ bá lo Place láti mú un wọlé dípò àdàkọ, ètò náà lè yí ìtóbi rẹ̀ kí ó lè bá bébà mu láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ wo W (fífẹ̀) àti H (gíga) tó hàn lókè, bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ju 100% lọ, píksẹ́lì ti ń jẹ́ nínà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìtóbi àwòrán di ọ̀rọ̀ ìpinnu. Ní íǹṣì mẹ́rin, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 10.16, yóò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní íǹṣì mẹ́fà, resolution rẹ̀ yóò jẹ́ 200, èyí tí èmi yóò gbà láìjanpata. Ní íǹṣì mẹ́jọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fífẹ̀ bébà, yóò jẹ́ 150, ẹni tó bá mú ìwé náà lọ́wọ́ lè rí i pé etí nǹkan kò mú tó, pàápàá ní ibi irun àti ojú.

Bí ó bá jẹ́ dandan kí ó kún bébà, ọ̀nà tó dára jù kò sí nínú Photoshop. Ẹ béèrè àwòrán náà gan-an lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ọ̀pọ̀ fóònù ń ya àwòrán tó tó píksẹ́lì 4000 ní 3000, èyí tó lé ní íǹṣì 13 ní resolution 300, ṣùgbọ́n àwọn ètò ìfiránṣẹ́ orí fóònù sábà máa ń dín píksẹ́lì kù kí àwòrán lè tètè lọ, 1200 yín yìí sì jọ ohun tó ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Kí ẹni náà fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì tàbí dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bí èyí tó tóbi kò bá sí mọ́, kò sí bọ́tìnnì kankan tó lè dá píksẹ́lì tó ti lọ padà. Ohun tó kù ni àfẹ̀sí onímọ̀ọ́ṣe: Preserve Details 2.0 wà nínú àkójọ Resample, Super Resolution tí wọ́n fi kún Camera Raw, irinṣẹ́ tó bá Photoshop wá, ní ọdún 2021 sì ń sọ fífẹ̀ àti gíga di ìlọ́po méjì, tí 1200 yóò fi di 2400, èyí tó tó íǹṣì mẹ́jọ ní 300. Wọ́n dára ju ohun tí ẹ ṣe lọ, n kò ní parọ́, etí nǹkan a máa mú sí i. Ṣùgbọ́n àfojúdá ni síbẹ̀. Lára ewéko, ògiri tàbí aṣọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lójú ènìyàn tó kéré nínú àwòrán, tàbí lórí ìwé tí a kọ sára pátákó lẹ́yìn wọn, ètò náà lè ya ohun tí kò sí níbẹ̀ rí. Èmi kì í lò ó fún àwòrán tí orúkọ ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀ láìfi í wé ti àkọ́kọ́ ní 100%.

Bí ìwé ìkéde kan náà bá tún ń lọ sórí fóònù àwọn ènìyàn, ẹ gbàgbé póìǹtì àti resolution pátápátá ní ti apá yẹn, nítorí pé ojú fóònù kò mọ íǹṣì yín. Ẹ lọ sí Preferences, Units & Rulers, kí ẹ yí Type sí píksẹ́lì, 50 yóò sì máa jẹ́ 50 nínú gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣí. GIMP, ètò àtúnṣe àwòrán mìíràn, tilẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: píksẹ́lì ni ó fi ń wọn lẹ́tà àfi bí ẹ bá yí i padà, ó sì ya Scale Image, tó ń yí píksẹ́lì, sọ́tọ̀ kúrò lára Print Size, tó ń yí ìtóbi orí bébà nìkan, nítorí náà ìpalára Resample kì í wọ́pọ̀ níbẹ̀. Canvas Size, tó wà nínú Photoshop àti GIMP, kì í na àwòrán, kì í sì í sún un kì. Bébà abẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ̀ tàbí tí ó ń gé. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́tà inú mẹ́nù Photoshop fúnra rẹ̀ ló kéré lójú yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì, UI Scaling lábẹ́ Interface nínú Preferences ni ẹ ó yí.

Ohun tó kù ni dídín àwòrán kù fún fóònù, ibẹ̀ sì ni ó ti tọ́ kí àmì wà nínú Resample. Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ A4 yín pamọ́ bíi PSD, irú fáìlì tó jẹ́ ti Photoshop fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo layer rẹ̀, ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú Duplicate lábẹ́ Image, kí ẹ sì dín àdàkọ náà kù sí 1080 ní fífẹ̀ pẹ̀lú Bicubic Sharper tó wà nínú àkójọ Resample. Lẹ́tà yín tó jẹ́ píksẹ́lì 50 lórí 2480 yóò di nǹkan bíi 22 lórí 1080. Ẹ wò ó ní 100%. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá ti ń pòórá, ẹ padà sínú PSD lọ sọ lẹ́tà náà di póìǹtì 16 tàbí 18, kí ẹ tó tún àdàkọ mìíràn ṣe.